Òkun Gẹ́gẹ́ bí Oníbodè: Ọ̀nà Orí Iyanrìn sí Erékùṣù Lindisfarne, láti 635 dé 1954

Ìfáàrà

Nínú àwọn erékùṣù tí ó wà ní etí òkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bóyá ni a fi lè rí èyí tí orúkọ rẹ̀ lókìkí nínú ìtàn ẹ̀sìn tó Lindisfarne, tí ó wà ní agbègbè Northumberland, níbi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ilẹ̀ Scotland. Ohun tí ó mú kí ó ṣe àrà ọ̀tọ̀ ni pé kì í ṣe erékùṣù ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín nǹkan bíi wákàtí 25 ni omi òkun máa ń kún, tí í sì í bo ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó wà láàárín ibẹ̀ àti etí ilẹ̀ ńlá. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni omi yìí máa ń fà, tí iyanrìn àti ẹrẹ̀ yóò hàn síta, tí ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà yóò sì lè fi ẹsẹ̀ rìn kọjá. Ìrìn náà tó máìlì 3. Títì ọlọ́dà ti wà lórí ilẹ̀ náà láti ọdún 1954, ṣùgbọ́n títì náà kò yí ìṣe omi padà. Òkun ṣì ń bò ó mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, àlejò tí ó bá sì jẹ́ kí àkókò kọjá lórí òun yóò dúró títí omi yóò fi fà, yálà ó wà ní erékùṣù ni o, tàbí ní ilẹ̀ ńlá.

Èrò tí ó gbilẹ̀ nínú àwọn ìwé tí wọ́n ń kọ fún àlejò, tí ó sì ti rá pálá wọ inú iṣẹ́ àwọn òpìtàn kan pẹ̀lú, ni pé àwọn mọ́ńkì tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ ní ọ̀rúndún keje yan erékùṣù náà nítorí pé wọ́n fẹ́ sá fún ayé. Àpilẹ̀kọ yìí yóò gbìyànjú láti fi hàn pé èrò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bí ó ti yẹ. Ibi tí ayé lè dé ni wọ́n yàn. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ayé má lè dé ibẹ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ tí ó bá iṣẹ́ tí òkun ń ṣe níbẹ̀ mu jù lọ ni oníbodè. Ní àwọn ìlú Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iṣẹ́ oníbodè kì í ṣe láti lé èrò padà. Ó ní láti mọ ẹni tí ń wọlé, ìgbà tí ó ń wọlé, àti ohun tí ó rù. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òkun kì í gba owó bodè, kò sì sí ẹni tí ó lè bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣílẹ̀kùn ṣáájú àkókò, àfi àwọn èèyàn kan ní ọdún 1069, tí ọ̀rọ̀ wọn yóò jẹ yọ níwájú.

Ilẹ̀ náà àti omi rẹ̀

Bí ènìyàn bá dúró ní Beal, ní etí ilẹ̀ ńlá, nígbà tí omi bá ti fà tán, ohun tí yóò rí ni pápá iyanrìn títẹ́ rẹrẹ tí ojú ọ̀run ń dán lára omi tí ó ṣẹ́kù sínú kòtò rẹ̀. Erékùṣù yóò wà níwájú rẹ̀ bí ilẹ̀ tí kò ga rárá, àfi òkè àpáta kan ṣoṣo ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn rẹ̀. Ó lè dà bí ẹni pé kò sí ewu kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi ṣe ń padà bọ̀ ni ewu ibẹ̀. Kì í gba iwájú arìnrìn-àjò wá bí ìgbì tí ó hàn sójú. Inú àwọn ojúṣàn tí ó jìn ní í kọ́kọ́ gbà, ní pàtàkì èyí tí wọ́n ń pè ní South Low, tí ó sún mọ́ etí ilẹ̀ ńlá. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí iyanrìn gbígbẹ lè yíjú padà kí ó sì rí i pé omi ti dé ẹ̀yìn òun. Afẹ́fẹ́ líle láti ojú òkun a máa mú kí omi yá ju àkókò rẹ̀ lọ. Nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí ó bá di àràn-mọ́jú, omi a máa kún ju ti ọjọ́ yòókù lọ, a sì máa fà jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ènìyàn ìgbà náà mọ gbogbo èyí dáadáa. Ẹlẹ́rìí tí ó dára jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Bede, mọ́ńkì ilé Jarrow ní ẹnu odò Tyne, tí òun náà ń gbé létí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí omi òkun ń bò. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìṣirò àkókò, tí ó parí ní 725, ó ṣàlàyé pé òṣùpá ni ó ń darí kíkún àti fífà omi, àti pé lójoojúmọ́ ni omi ń pẹ́ ju ti àná lọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 47 tàbí 48. Ìṣirò òde òní sọ pé ó tó ìṣẹ́jú 50. Èyí tí ó tún wúni lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ó mọ̀ pé àkókò kíkún omi ní èbúté kan yàtọ̀ sí ti èbúté mìíràn létí òkun kan náà, àti pé ibi kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀. Irú ìmọ̀ báyìí kì í ti inú ìwé àwọn ará Róòmù nìkan wá. Àwọn tí ń gbé létí omi, tí wọ́n ń rìn ín, tí wọ́n sì ń kà á, ni ó ti jáde. Nígbà tí Bede sì wá ń kọ ìtàn ìjọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ó parí ní 731, kò gbàgbé láti sọ fún òǹkàwé rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni Lindisfarne ń di erékùṣù, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ó sì ń padà di ara ilẹ̀. Ìgbà tí ó fẹ́ sọ bí Aidan ṣe gba ibẹ̀ lọ́wọ́ ọba ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí ó fi í sí yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé Bede kì í dédé ṣàpèjúwe ilẹ̀ láìnídìí.

Ọba, bíṣọ́ọ̀bù àti àlejò

Oswald, ọba Northumbria, ni ó ránṣẹ́ sí Iona, erékùṣù àwọn mọ́ńkì ará Ireland ní ìwọ̀-oòrùn Scotland, pé kí wọ́n fi bíṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ sí òun. Òun fúnra rẹ̀ ti gbé láàárín wọn nígbà tí ó sá kúrò nílé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rì í bọmi. Aidan ni wọ́n rán wá ní 635. Bede sọ pé nígbà tí Aidan kò tíì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ọba fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe ògbufọ̀ fún un níwájú àwọn ìjòyè. Ìjọba àti ìjọ kò jìnnà síra wọn nígbà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé wọn kò jìnnà síra. Bamburgh, ibùjókòó ọba, wà lórí àpáta létí òkun kan náà ní ìhà gúúsù, ènìyàn sì lè fi ojú lásán rí i láti Lindisfarne. Nígbà tí ikú dé ní 651, ní ilé ọba nítòsí Bamburgh ni ó ti bá Aidan, tí ó fara ti òpó ìta ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí ó bá jẹ́ pé sísá fún ayé ni ohun tí Aidan ń wá, erékùṣù tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ létí òkun náà. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nípa ibi ìdákẹ́rọ́rọ́ kì í sábà kà sí. Ìwé ìtàn àwọn Britons tí wọ́n ṣe àkójọ rẹ̀ ní Wales ní nǹkan bí ọdún 829 sọ pé, ṣáájú àkókò Aidan, Urien, ọba Rheged, dó ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní erékùṣù yìí, tí ìwé náà pè ní Metcaud, fún ọ̀sán mẹ́ta àti òru mẹ́ta. Ìwé náà kò kọjá àríyànjiyàn, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó kọ ọ́. Síbẹ̀, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti hùmọ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nípa ilẹ̀ tí kò wúlò. Ilẹ̀ tí àwọn ọba mọ iyì rẹ̀ nígbà ogun ni Oswald fi ta bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́rẹ.

Irú àlejò wo ni ó ń gba orí iyanrìn náà lọ? Ó ṣeni láàánú pé ìdáhùn Bede kò gùn, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ tó láti ronú lé. Nígbà tí ó ń sọ bí Colmán àti àwọn mọ́ńkì ará Ireland ṣe fi ibẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé Whitby ní 664, ó ní ilé tí wọ́n bá níbẹ̀ kò pọ̀, yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kò kó owó jọ, wọn kò sì kọ́ ilé ńlá fún gbígba àwọn alágbára ayé lálejò, nítorí pé àdúrà àti ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nìkan ni irú wọn máa ń bá wá. Ọba fúnra rẹ̀, bí ó bá fẹ́ wá, kì í mú ju ìránṣẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Bí àdúrà bá parí, a padà sílé. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ó jẹun níbẹ̀, oúnjẹ tí àwọn mọ́ńkì ń jẹ lójoojúmọ́ náà ni yóò jẹ.

Ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni Bede fẹ́ fi èyí kọ́ àwọn ènìyàn ìgbà tirẹ̀, tí ó gbà pé wọ́n ti ń ya ọ̀lẹ tí wọ́n sì ń fẹ́ràn owó. Ṣùgbọ́n iyanrìn wà lábẹ́ ẹ̀kọ́ náà. Ọba tí ó kó ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin àti ẹrù lẹ́yìn kò lè fi ìrọ̀rùn la pápá máìlì 3 já láàárín ìwọ̀n wákàtí tí omi fi sílẹ̀ fún un, kí ó sì tún padà kí omi tó kún. Ẹni mẹ́fà lè ṣe é. Bí ọba bá sì pẹ́ jù, yóò sùn, ilé tí ó bá ipò rẹ̀ mu kò sì sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi dà bí ẹni pé àwọn mọ́ńkì àti omi jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà ni: omi ń dín iye àlejò kù, àìsí ilé ńlá sì ń dín ọjọ́ tí wọn yóò lò kù. Bede kò so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni. Àpilẹ̀kọ yìí ni ó so wọ́n pọ̀, orí bí ilẹ̀ náà ti rí ni ó sì dúró lé.

Ìgbésí ayé Cuthbert tún fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ó jẹ́ olórí lábẹ́ abbot ní Lindisfarne fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ àdádó, kò kà á sí pé Lindisfarne fúnra rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ lọ sí ibì kan ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ ilé àwọn mọ́ńkì, tí ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ó jẹ́ erékùṣù kékeré tí ó wà nítòsí ilé wọn, tí omi ń yí ká nígbà tí ó bá kún. Bede tún sọ níbòmíràn pé Eadberht, tí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn rẹ̀, máa ń lo àkókò ààwẹ̀ ní irú ibẹ̀, níbi tí Cuthbert ti gbé rí. Ibẹ̀ kò tún tó o. Ní 676 ó lọ sí Farne, erékùṣù tí omi kì í fà kúrò láyìíká rẹ̀, tí ènìyàn kò lè dé láìwọ ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní 20 oṣù Kẹta 687, tí mọ́ńkì kan sì gbé ògùṣọ̀ méjì sókè lóru kí àwọn tí ń ṣọ́nà ní Lindisfarne lè mọ̀ pé ó ti kú. Ìpele mẹ́ta ni èyí. Ẹni tí ó wá àdádó tọkàntọkàn ní láti jáde kúrò ní Lindisfarne kí ó tó rí i. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn lè wá bẹ ibojì rẹ̀ wò, Lindisfarne ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí. Wọ́n hú u ní 698, wọ́n ní kò tíì jẹrà, láti ìgbà náà sì ni àwọn onírìn-àjò ẹ̀sìn ti ní ìdí tí ó lágbára láti la iyanrìn já. Àkókò yẹn náà ni wọ́n fi Eadfrith jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ẹni tí a gbà pé òun ni ó kọ ìwé Ìhìnrere ńlá tí ó wà ní ilé ìkàwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní London lónìí.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù lórí àkókò yìí. Ǹjẹ́ wọn ìbá ti lè kọ́ ọ̀nà tí ó ga ju omi lọ bí wọ́n bá fẹ́? Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti gbà pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá agbára àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, pé àwọn ará Róòmù nìkan ni ó lè ṣe é. Ohun tí wọ́n rí ní Mersea, erékùṣù kan ní Essex, ti sọ èyí di àná. Nígbà tí wọ́n ń ri páìpù omi mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ní 1978, wọ́n bá ìtì igi oaku nísàlẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Strood, tí ó so Mersea mọ́ ilẹ̀ ńlá. Nígbà tí wọ́n ka òrùka inú igi náà, ó hàn pé láàárín ìparí ọ̀rúndún keje àti ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹjọ ni wọ́n gé wọn. Ní ayé Cuthbert àti Eadfrith gan-an, nígbà náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìtì igi kọ́ ọ̀nà la ilẹ̀ ẹrẹ̀ já. Kò tọ́ kí á na ẹ̀rí yìí ju bí ó ti gùn lọ. Ẹnu omi tí ó wà ní Strood kò fẹ̀ tó ti Lindisfarne, iyanrìn àríwá a sì máa ṣípò ju ẹrẹ̀ Essex lọ. Síbẹ̀, ó tó láti fi hàn pé àìsí ọ̀nà ní Lindisfarne kì í ṣe nítorí àìmọ̀kan. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó lè fi òjé bo ṣọ́ọ̀ṣì láti òkè dé ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Eadberht ti ṣe sí èyí tí Finan fi pákó oaku kọ́ tí ó sì fi ìféefé bò, kì í ṣe aláìlágbára. Bí ọ̀nà náà ti wà tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ọdún 793 àti ọdún 1069

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òkun ń ṣọ́ ojú ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn fún àwọn mọ́ńkì, ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ní oṣù Kẹfà 793 ni àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi láti Scandinavia dé, tí wọ́n ja ṣọ́ọ̀ṣì lólè, tí wọ́n pa nínú àwọn mọ́ńkì tí wọ́n sì kó àwọn mìíràn lẹ́rú. Ìwé ìtàn ọdọọdún àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ oṣù Kìn-ín-ní sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti gbà pé àṣìkọ ni, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò tu irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá òkun àríwá nígbà òtútù. Alcuin, ọmọ Northumbria tí ó wà ní ààfin Charlemagne, kọ lẹ́tà sí bíṣọ́ọ̀bù Higbald àti sí ọba Æthelred, ohun tí ó sì yà á lẹ́nu jù ni pé láti ojú òkun ni ìjàǹbá ti wá. Ìyanu Alcuin yìí yẹ fún àkíyèsí. Àwọn tí ó ti fi bí 160 ọdún gbẹ́kẹ̀ lé omi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́ ni omi kan náà gbé ọ̀tá wá bá.

Ó yẹ kí á fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Essex ní oṣù Kẹjọ 991, nígbà tí àwọn ajagun láti Scandinavia dó sí erékùṣù kan nínú odò Blackwater nítòsí Maldon, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Northey ni. Gẹ́gẹ́ bí ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí ó sọ ìtàn ogun náà ti wí, omi fà, ọ̀nà tóóró hàn, ọkùnrin mẹ́ta sì dí i pa mọ́ àwọn ọ̀tá títí Byrhtnoth, olórí ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi gbà pé kí wọ́n kọjá wá kí wọ́n jà. Ó kú níbẹ̀. Níbẹ̀, ènìyàn ni oníbodè, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ìkọlù mìíràn, àwọn mọ́ńkì gbé òkú Cuthbert kúrò ní Lindisfarne ní 875. Ó dé Chester-le-Street ní 883, ó sì dé Durham ní 995. Fún ìdí èyí, ìtàn ọ̀nà orí iyanrìn náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ títí di òpin 1069. William, ọba tí ó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń bọ̀ wá jẹ àríwá níyà nítorí ọ̀tẹ̀ wọn. Bíṣọ́ọ̀bù Æthelwine àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé òkú Cuthbert sá kúrò ní Durham nínú oṣù Kejìlá. Symeon, mọ́ńkì Durham tí ó kọ ìwé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìlá, sọ pé wọ́n sùn ní Jarrow, ní Bedlington àti ní Tughall, wọ́n sì dé iwájú Lindisfarne ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin. Omi ti kún. Òtútù mú, àwọn arúgbó àti ọmọdé wà láàárín wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárò. Lójijì, omi fà kúrò níwájú wọn ṣáájú àkókò rẹ̀, wọ́n kọjá lórí ilẹ̀ gbígbẹ, omi sì ń padà dí ọ̀nà lẹ́yìn wọn bí wọ́n ti ń lọ.

Báwo ni kí òpìtàn ṣe lo irú ẹ̀rí báyìí? Àwọn kan ti jù ú nù gẹ́gẹ́ bí àlọ́ lásán. Àwọn mìíràn ti gbìyànjú láti tún un ṣe, wọ́n ní bóyá wọ́n ṣi àkókò omi kà, tí wọ́n dúró fún wákàtí mélòó kan, tí ìdúró náà sì parẹ́ nínú ìtàn bí ó ti ń ti ẹnu dé ẹnu. Ìyẹn ṣeé gbà. Ibi tí Symeon gbé ti rí ìtàn náà kò sì jìnnà, nítorí pé àwọn àgbà Durham ni ó gbẹ́kẹ̀ lé fún púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ nípa ìgbà náà, ẹni tí ó sì mọ Bíbélì kò ní ṣàì rántí Mósè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù ni ti ẹni tí ìtàn náà ṣe láǹfààní. Ní 1083, bíṣọ́ọ̀bù William of St Calais lé àwọn àlùfáà àtijọ́ tí ń tọ́jú òkú Cuthbert kúrò, ó sì fi àwọn mọ́ńkì ti ìlànà Benedict rọ́pò wọn. Àwọn mọ́ńkì tuntun yìí, tí Symeon jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ní láti fi hàn pé àwọn ni àrólé Cuthbert, àti pé gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, Lindisfarne pẹ̀lú, jẹ́ tiwọn. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú ìwé àṣẹ tí wọ́n sọ mọ́ orúkọ William of St Calais jẹ́ ayédèrú tí wọ́n ṣe ní ọ̀rúndún kejìlá. Nínú irú àyíká bẹ́ẹ̀, òkun tí ó ṣílẹ̀kùn fún Cuthbert jẹ́ ẹlẹ́rìí tí ó lágbára ju ìwé lọ: onílé ni ó padà sílé, oníbodè sì mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí ó bá ti ka ẹ̀rí inú ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ti oyè ní ilẹ̀ Yorùbá yóò mọ irú ìtàn yìí bí ó bá rí i. A kì í jù ú nù nítorí pé kò lè ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́. Ó ń sọ ohun tí àwọn tí ń sọ ọ́ ń fẹ́, ó sì tún ń sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Ohun kan wà nínú ti Symeon tí kò ní í ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ ìyanu rárá: ó dá a lójú pé òǹkàwé rẹ̀ mọ̀ pé omi Lindisfarne ní àkókò tirẹ̀, àti pé kò sí ẹni tí ó lè yí i padà. Láìsí ìmọ̀ yẹn, ìtàn náà kò ní ìtumọ̀.

Láti ilé àwọn mọ́ńkì dé títì ọlọ́dà

Àwọn mọ́ńkì Durham tún ilé kọ́ sí erékùṣù náà ní ọ̀rúndún kejìlá, pẹ̀lú òpó ńlá tí wọ́n fín bíi ti kàtídírà wọn. Erékùṣù Mímọ́ ni wọ́n pè é, orúkọ náà sì wà títí di òní. Ọba Henry Kẹjọ fòpin sí ilé náà ní 1537. Ní nǹkan bí ọdún 1550, wọ́n lo òkúta rẹ̀ láti kọ́ ilé ìṣọ́ ogun sórí àpáta gíga tí ó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn. Ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí fi ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù hàn. Èbúté ni ó ń wò. Wọn kò kọ́ irú rẹ̀ sí ojú iyanrìn, ó sì ṣeé gbà pé wọn kò rí ìdí láti ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí omi ti ń ṣọ́nà.

Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kò fi iyanrìn ṣe ọ̀nà ọjà ńlá. Ẹja herring, òkúta tí wọ́n ń jó fún ẹfun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, gbogbo ohun tí ó wúwo, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó wọn. Àwọn ènìyàn, ẹran ọ̀sìn àti kẹ̀kẹ́ ẹrù kéékèèké ni ó ń gba orí iyanrìn, òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ìlà sì ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà. Títí di 1844, lójú òfin, abẹ́ Durham ni erékùṣù náà wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo Northumberland ni ó wà láàárín wọn. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé, àwọn awakọ̀ ibẹ̀ ń wà á lórí iyanrìn tútù bí àwọn baba wọn ti ń da ẹṣin.

Ní 1954 ni wọ́n ṣí títì ọlọ́dà, wọ́n sì fà á gùn sí i ní 1965. Àwọn tí ó ṣe é kò tọ ipa àwọn arìnrìn-àjò àtijọ́. Ibi tí ilẹ̀ ti kúrú jù ni wọ́n gbé e gbà, lọ sí igun ìwọ̀-oòrùn erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Snook, kí ó tó wá rọra tọ ẹ̀bá òkìtì iyanrìn lọ sí abúlé. Wọn kò sì gbé e ga ju omi lọ. Lórí afárá rẹ̀ ní South Low, wọ́n kọ́ àhéré kékeré kan sórí òpó gíga, tí ó ní àtẹ̀gùn, fún ẹni tí omi bá ká mọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Northumberland ń tẹ ìwé àkókò tí ó léwu àti èyí tí kò léwu jáde, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní ìhà méjèèjì. Síbẹ̀, kò sí ọdún tí omi kì í gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mọ́ àárín, tí àwọn adóòlà ẹ̀mí láti Seahouses kì í wá kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Àwọn ará erékùṣù, tí iye wọn kò tó 200, kì í sábà wà lára wọn. Àlejò ni púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n rí títì ọlọ́dà tí wọ́n sì rò pé títì ni.

Ọ̀nà àtijọ́ náà ṣì wà. Ìlà òpó rẹ̀ lọ tààrà la iyanrìn já dé ẹnu abúlé, pẹ̀lú àhéré tirẹ̀ lórí òpó, àwọn onírìn-àjò ẹ̀sìn sì ń tọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, púpọ̀ nínú wọn láìwọ bàtà, pẹ̀lú ìwé àkókò omi lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣáájú wọn.